Ìwọ̀ àti Ekòló Ààyè Létí Odò: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Fowó Rà ní Ifẹ̀ àti Iléṣà?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń béèrè ìwọ̀ lónìí ló ti kọ́kọ́ wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń fi ekòló ààyè dẹ ẹja kan tí wọ́n ń pè ní trout. Apẹja á dúró sí bèbè, á ju ìwọ̀ sómi, kò ní pẹ́ á fa ẹja alámì tótòtó jáde. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó wò ó á bẹ̀rẹ̀ sí í wá àpótí irinṣẹ́ trout lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ọ̀pá, rẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń ká okùn, ìwọ̀ oríṣiríṣi, ekòló rọ́bà, títí kan abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ekòló. Owó gidi ló ń lọ sí i. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó wà nílé kí ẹnikẹ́ni tó sanwó.

Ohun tó dá mi lójú ni pé ọgbọ́n tí àwọn tó ń pa trout fi ń ki ekòló mọ́ ìwọ̀ wúlò gan-an fún epìyà tiwa. Ọgbọ́n yẹn ni kí ẹ gbà. Púpọ̀ nínú ẹrù tí wọ́n ń tà pẹ̀lú rẹ̀ kò kàn wá.

Ẹja tiwọn, ẹja tiwa

Ẹja omi tútù ni trout. Rainbow trout wá láti àwọn odò tó ń ṣàn sínú Òkun Pàsífíìkì ní Amẹ́ríkà ti Àríwá àti Éṣíà. Brown trout jẹ́ ti Yúróòpù. Omi tó wà láàárín nǹkan bíi 10 sí 16 lórí òṣùwọ̀n ooru Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ló tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí ó bá ti ń sún mọ́ 25, ìyà ń jẹ wọ́n nìyẹn, wọ́n sì lè kú. Àwọn òyìnbó ló kó wọn dé àwọn òkè Kẹ́ńyà àti South Africa, ibi gíga tí omi ti ń tutù. Adágún Ọ̀pà tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kò lè rí bẹ́ẹ̀, ọyẹ́ ìbáà mú títí. Odò Ọwẹ́nà lápá Ìjẹ̀ṣà náà kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Epìyà àti àrọ̀ ni ẹni tó dúró sí bèbè níbí máa bá pàdé jù. Trout máa ń wẹ̀ sókè díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi, ojú rẹ̀ mú, ohun tí omi bá ń gbé bọ̀ ló ń dúró dè. Epìyà fẹ́ràn etí omi tí koríko wà, lójú ọ̀sán; ẹnu rẹ̀ kéré, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń já ìdẹ, á gé ìrù ekòló lọ, á fi ìwọ̀ sílẹ̀ lófìfo. Àrọ̀ ní tirẹ̀ ń rìn lórí ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, pàápàá lóru. Irùngbọ̀n ẹnu rẹ̀ ló fi ń wá oúnjẹ ju ojú lọ, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, odidi ló sì ń gbé mì. Ìyàtọ̀ yìí ló máa pinnu gbogbo ohun tí ẹ máa rà.

Ekòló: ká rà á ni àbí ká wà á?

Ẹ má ra ekòló láti òkèèrè. Èyí tí àwọn tó ń pa trout mọ̀ jù ni Lumbricus terrestris, ekòló ńlá kan láti Yúróòpù tó ti tàn dé Amẹ́ríkà. Wọ́n máa ń ṣà á lóru lórí pápá ní gúúsù Ontario ní Kánádà, wọ́n á sì tà á fún àwọn apẹja. Inú fíríìjì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Tí ẹ bá gbé e dé inú ooru wa, kò ní pẹ́ kú.

Èkejì tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní African nightcrawler, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀ jẹ́ Eudrilus eugeniae. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni orísun rẹ̀! Àwọn ará Amẹ́ríkà àti Íńdíà ń sìn ín fún ajílẹ̀ àti fún ìdẹ, nítorí ó tètè ń dàgbà, ara rẹ̀ le, ooru kò sì ṣe é ní nǹkan. Ẹni tó ń gbé nílẹ̀ tí irú ekòló bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá kò ní ìdí láti sanwó ọkọ̀ òfúrufú fún un.

Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí, àti abẹ́ ewé jíjẹrà ni kí ẹ ti wà á. Nígbà òjò, ẹ ò ní gbẹ́ jìn kí ẹ tó rí i; nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibi omi ìwẹ̀ nìkan ló máa ń gbà wá. Ẹ yẹra fún oko tí wọ́n ti fín oògùn apakoríko sí. Ẹ kó wọn sínú agolo tí ẹ dá ihò sí lórí, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tó rin díẹ̀ àti ewé gbígbẹ, kí ẹ sì gbé e síbi òjìji. Àwọn kan máa ń da omi lé wọn lórí kí ara wọn lè tutù. Ekòló tó bá pẹ́ nínú omi á wú, á rọ̀, kò sì ní dúró lórí ìwọ̀ mọ́.

Ekòló rọ́bà ńkọ́? Ó dára fún ẹja tó ń fi ojú lé ohun tó ń sá. Fún àrọ̀ tó ń wá òórùn, ekòló ààyè ju rọ́bà lọ fíìfíì.

Ìwọ̀: ibí ni kí owó wọlé sí

Nọ́ńbà ìwọ̀ máa ń dàrú mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rà á lójú. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i: 12 kéré sí 8, 8 kéré sí 2. Ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá 1, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní 1/0, 2/0, 3/0, àwọn wọ̀nyí sì ń tóbi sí i bí nọ́ńbà ṣe ń gòkè. Àwọn tó ń fi ekòló pa trout máa ń lo 8 sí 12. Iye yẹn gan-an ló bá ẹnu epìyà mu. Èmi á mú 10 kí n tó mú òmíràn. Fún àrọ̀ tó tó sè, 1/0 tàbí 2/0 ni.

Ẹ wo ọrùn ìwọ̀ náà. Èyí tó lọ́rùn gígùn rọrùn láti yọ lẹ́nu ẹja, ó sì gba ekòló dáadáa, pàápàá tí wọ́n bá ṣe ẹ̀gún kéékèèké sí ọrùn rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ekòló yọ̀ wálẹ̀. Ọlọ́rùn kúkúrú fúyẹ́, ó ń fara pamọ́ sínú ìdẹ, ekòló sì ń rí àyè yí ara lórí rẹ̀. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ọlọ́rùn gígùn ẹlẹ́gùn-ún ni mo fara mọ́, nítorí epìyà jẹ́ olè ìdẹ.

Ìwọ̀ kan tún wà tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ wọnú, tó fẹ́ẹ̀ yípo tán. Igun ẹnu ẹja ló sábà máa ń kọ́, kì í lọ sí ikùn. Ó dára fún àrọ̀, àmọ́ ẹ kò gbọdọ̀ fa okùn lójijì bí ẹ bá lò ó. Ẹ jẹ́ kí ẹja fa okùn le fúnra rẹ̀, kí ẹ wá máa gbé ọ̀pá sókè díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ bá dé ọjà Odò-Ògbè ní Ifẹ̀ tàbí Àtàkúnmọ̀sà ní Iléṣà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta àwọ̀n àti okùn ni kí ẹ ti béèrè. Ẹ má kàn ní “Ìyá, ẹ fún mi ní ìwọ̀ ẹja”, kí ẹ sì sanwó. Ẹ ní “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò.” Ẹ fi ẹnu ìwọ̀ náà wọ́ orí èékánná àtàǹpàkò fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Bí ó bá yọ̀ lọ, ó ti kú nìyẹn. Bí ó bá kọ́ èékánná, ó mú. Ẹ wo ojú ìwọ̀ níbi tí okùn ń gbà kọjá: bí ẹnu rẹ̀ kò bá pa dé, ó máa gé okùn. Ìwọ̀ tó ti dípẹtà nínú páálí, ẹ má gbà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Kíki ekòló mọ́ ìwọ̀

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ gún ekòló lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì níbi tó nípọn lápá orí rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyókù máa rọ̀ dirodiro. Kì í tètè kú, ìyíra rẹ̀ ló sì ń pe ẹja. Nínú odò tútù tó ń ṣàn, èyí ni trout fẹ́ràn, torí ó dà bí ekòló tí òjò gbá sómi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi agbára jù ú, ó lè já bọ́ kó tó dé omi. Epìyà pẹ̀lú á jẹ ibi tó gùn, á sì máa lọ. Mo gbà á níyànjú fún etí omi nìkan, níbi tí ẹ kàn ń sọ ìwọ̀ sílẹ̀ láti orí ọ̀pá.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ ki ẹnu ìwọ̀ bọ orí ekòló, kí ẹ máa ti ara rẹ̀ gòkè lórí ọrùn ìwọ̀ bí ẹni ń wọ ìbọ̀sẹ̀, títí yóò fi bo irin náà, kí ìrù díẹ̀ sì yọ jáde. Ekòló kò ní pẹ́ láyé bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kì í bọ́ tí ẹ bá jù ú jìnnà, ẹja tó bá sì já ìrù gbọ́dọ̀ já ìwọ̀ pẹ̀lú. Fún epìyà, ọ̀nà yìí borí gbogbo èyí tó kù. Ẹ má lo odidi ekòló. Ẹ gé e sí méjì tàbí mẹ́ta, kí ìrù tó yọ má gùn ju èékánná ọmọńdinrín lọ. Ẹ jẹ́ kí orí ẹnu ìwọ̀ yọ díẹ̀. Bí ẹran bá bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ̀yin á fa okùn, ẹja á sì lọ.

Àwọn tó ń pa trout tún ń ta ìwọ̀ méjì tí wọ́n so tẹ̀ lé ara wọn lórí okùn kan. Ti òkè á wọ orí ekòló, ti ìsàlẹ̀ á wọ àárín rẹ̀, kí odidi ekòló lè nà gbọọrọ. Ó dára fún ẹja tó ń já ìrù, mi ò lè sọ pé kò ṣiṣẹ́ fún epìyà. Àmọ́ ní Ọ̀pà, níbi tí koríko pọ̀ létí omi, ìwọ̀ kejì yẹn máa ń kọ́ koríko. Ẹ fi owó rẹ̀ ra ìwọ̀ kan ṣoṣo tó dára.

Fún àrọ̀, ẹ gún ekòló mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ sórí ìwọ̀ ńlá kan, ìkọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kí orí àti ìrù wọn máa yí káàkiri. Omi ara wọn tó ń jáde lójú ihò ìwọ̀ ni òórùn tí àrọ̀ ń tẹ̀ lé nínú òkùnkùn.

Ó wá ku abẹ́rẹ́ atẹ́gùn. Nínú adágún trout, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ekòló kó lè léfòó sókè koríko, níbi tí ẹja náà ń gbà kọjá. Àrọ̀ tó ń fi irùngbọ̀n tú ẹrẹ̀ kò nílò ìyẹn. Epìyà etí omi kò nílò rẹ̀ pẹ̀lú. Fóòmù kékeré lórí okùn á gbé ìdẹ dé ibi tí ẹ fẹ́. Ẹ má rà á. Abẹ́rẹ́ sì léwu lọ́wọ́ ọmọdé.

Okùn, òjé àti ọ̀pá

Okùn náílọ́nù tinrín, bíi 0.20 mílímítà, ló yẹ epìyà, 0.35 sókè ni ti àrọ̀. Okùn híhun lágbára ju náílọ́nù lọ bí wọ́n bá jọ tinrín dọ́gba, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ẹja sì ń tètè rí i nínú omi mímọ́. Òjé kékeré kan péré tó, ní ìwọ̀n ọwọ́ kan sókè ìwọ̀. Pílàyà ni kí ẹ fi há a mọ́ okùn. Ẹ má fi eyín há a, torí májèlé ni òjé.

Ọ̀pá ọparun tó gùn tó mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó epìyà ṣe. Ọ̀pá tó ń fà gùn pẹ̀lú rẹ́ẹ̀lì wúlò bí ẹ bá fẹ́ ju ìwọ̀ jìnnà fún àrọ̀. Bí owó kò bá tó, òun ni kí ẹ rà kẹ́yìn.

Omi tí ẹ máa lọ

Inú ọgbà yunifásítì ni Ọ̀pà wà, wọ́n sì ń fa omi ibẹ̀ fún lílò. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó dúró síbẹ̀. Níbi tí omi bá ti mọ́, okùn tinrín àti ekòló tí ẹ ki bo ọrùn ìwọ̀ ló máa ń mówó dé.

Lápá Iléṣà, wíwa góòlù ti sọ ọ̀pọ̀ odò di ẹrẹ̀ pupa. Nínú omi ẹlẹ́rẹ̀ bẹ́ẹ̀, òórùn ló kù tí ẹja fi ń ríran, ekòló tí ẹ gún jọ pọ̀ ló sì máa ṣiṣẹ́ jù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fọ góòlù lókè odò náà, ẹ wá omi mìíràn lọ. Mákúrì tí àwọn kan fi ń kó góòlù jọ máa ń wọ ara ẹja, sísè kì í mú un kúrò, yíyan kì í mú un kúrò, ara aboyún àti ọmọdé ló sì ti ń ṣe ìjàǹbá jù.