SPIKE Prime lọ́wọ́ ẹgbẹ́ róbọ́ọ̀tì ilé-ìwé: ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀

Àpótí SPIKE Prime ti LEGO Education ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń múra fún FIRST LEGO League Challenge, ìdíje àwọn ọmọ ọdún 9 sí 16. Ẹ̀yà 528 ló wà nínú rẹ̀: hub tó jẹ́ ọpọlọ róbọ́ọ̀tì, motor 3, àti sensọ̀ tó ń mọ àwọ̀, ìjìnnà àti ìfọwọ́tẹ̀. Ó lágbára, ó sì rọrùn fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tó rà á n'Íbàdàn, ó yẹ kó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìjà tó ń tú ẹgbẹ́ ká, inú àpótí yìí ló ti ń jáde.

Ẹ wò ó. Láàárọ̀, róbọ́ọ̀tì yí 90 dígírì rẹ́gí, ó sì ti lífà, ọ̀pá orí tábìlì tó yẹ kó tì. Nígbà tó di ọ̀sán, ó gba ẹ̀gbẹ́ lífà kọjá. Ọmọ tó kọ kóòdù ní ẹni tó gbé e kalẹ̀ ni kò gbé e dáadáa. Ẹni yẹn ní kóòdù ni kò da. Kíá, ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí èyí tó jẹ̀bi nínú wọn. Gyro, sensọ̀ inú hub tó ń ka igun tí róbọ́ọ̀tì yí, ń fẹ́ kí róbọ́ọ̀tì dúró jẹ́ẹ́ tí wọ́n bá ń tàn án. Bó bá ń mì lọ́wọ́ ọmọ, igun tó ń kà ti yẹ̀ nìyẹn. Bátìrì tó fẹ́ tán kò lè gbé motor dé iyára tí kóòdù bèèrè. Nígbà ọyẹ́, eruku a bo táyà, táyà a sì máa yọ̀.

Nítorí náà, ẹ gbé róbọ́ọ̀tì sílẹ̀ kí ẹ tó tàn án, kí kóòdù sì dá igun padà sí òdo kó tó gbéra. Ẹ jẹ́ kó ka ìyípo táyà, kó má ka ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ má jẹ́ kí iyára kọjá 60 nínú 100. Ẹ fi aṣọ tó rin díẹ̀ nu táyà. Lẹ́yìn náà, ẹ ní ìwé kan tó ní ìlà mẹ́rin: aago, iye bátìrì, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n yí padà, àti ibi tí róbọ́ọ̀tì dé. Kó sáré lẹ́ẹ̀márùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo, ẹ jọ̀ọ́! Bí wọ́n bá yí méjì pa pọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó ṣiṣẹ́, àríyànjiyàn á tún bẹ̀rẹ̀.

Àléébù àpótí yìí gan-an ni pé ọmọ méjì ni wọ́n ṣe é fún, ẹgbẹ́ sì lè ní ọmọ 10. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ló máa ń fi ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ pín wọn: méjì sídìí kọ̀ǹpútà, méjì sídìí apá róbọ́ọ̀tì, ẹnì kan sídìí ìwé, ìyókù sídìí iṣẹ́ ìwádìí, kí wọ́n máa pààrọ̀ ní ogún ìṣẹ́jú. Expansion Set, àpótí àfikún SPIKE Prime, kò yanjú èyí, torí kò sí hub nínú rẹ̀. Ó sàn kẹ́ ẹ fi díẹ̀ nínú owó náà ra plywood ẹsẹ̀ 8 sí 4 ní ọjà pákó Bódìjà, kí káfíńtà ṣe tábìlì kejì. Mat eré náà, ìyẹn ẹní tí róbọ́ọ̀tì ń sáré lórí rẹ̀, á gbà lórí tábìlì náà, àwọn tó kù á lè máa fi ọwọ́ ti apá róbọ́ọ̀tì wò.

Ìṣẹ́jú 2 ààbọ̀ ni eré lórí tábìlì. Àmì 6 (precision token) ni wọ́n ń kó fún ẹgbẹ́; bí ọmọ bá fọwọ́ kan róbọ́ọ̀tì níta ibùdó, ìyẹn ibi tó ti ń gbéra, ọ̀kan á lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń jágbe mọ́ra wọn, bẹ́ẹ̀ bí àmì 5 ló kù tàbí 6, máàkì kan náà ni wọ́n máa ní, 50. Ìgbà tó bá ku 4 ló tó já sí 35. Ẹ kọ́ wọn kí ẹni tó fọwọ́ kàn án pariwo pé “mo ti kàn án,” kí èkejì dáhùn pé “ó ku márùn-ún.” Rẹfirí náà ń wò wọ́n: máàkì 2, 3 tàbí 4 ló ń fún ìwà wọn lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan. Máàkì tó ga jù nínú eré mẹ́ta ni wọ́n máa ń mú, nítorí náà bí àkọ́kọ́ bá bàjẹ́, ẹ pa kọ̀ǹpútà dé, ẹ fún wọn lómi, kẹ́ ẹ tó ṣí ìwé yẹn.