Ọ̀nà Cotswold tàbí Ọ̀nà Odi Hadrian?

Ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn nínú ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì fẹ́ rí ohun àtijọ́, ọ̀nà méjì ni mo máa ń dárúkọ fún un. Ọ̀nà Cotswold gùn tó máìlì 102, láti Chipping Campden dé ìlú Bath. Òkè kéékèèké, pápá àgùntàn àti abúlé olókùúta aláwọ̀ oyin lẹ máa rí. Ó tura, ó sì yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Ṣùgbọ́n Ọ̀nà Odi Hadrian ni ọkàn mi wà. Máìlì 84 ni, láti Wallsend ní ìlà-oòrùn dé Bowness-on-Solway ní ìwọ̀-oòrùn. Ọdún 122 làwọn ará Róòmù bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi náà, nígbà tí Hadrian jẹ́ olú ọba wọn, láti fi ṣọ́ ààlà ilẹ̀ wọn. Ní Housesteads, ibùdó ológun wọn kan lẹ́bàá odi náà, ìpìlẹ̀ ilé àwọn ọmọ ogun ṣì wà nílẹ̀, títí kan ṣálángá wọn. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni Burgh by Sands, níbi tí àwọn ọmọ ogun Moor láti Àríwá Áfíríkà ti ṣọ́ odi ní ọ̀rúndún kẹta. Àwọn ọmọ Áfíríkà ti wà níbẹ̀ kí èdè Gẹ̀ẹ́sì tó dé erékùṣù yẹn!

Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ le o. Ẹ mú ẹ̀wù òjò dání. Ẹ má lọ nígbà òtútù, torí bí ilẹ̀ bá rin, ẹsẹ̀ èèyàn máa ń ba ohun àtijọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré lẹ ní, ẹ rìn láti Steel Rigg dé Housesteads.