Ẹ ṣọ́ra fún "Dókítà" tó ń ta iṣẹ́ lẹ́kíṣọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá iṣẹ́ olùkọ́ tàbí iṣẹ́ ìwádìí ní yunifásítì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú sùúrù kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan ń rìn káàkiri agbègbè Under-G, fáìlì kì í kúrò lábíyá rẹ̀, Dókítà ló ní kí wọ́n máa pe òun. Ó ní òun ní sílọ́ọ̀tì, ìyẹn àyè iṣẹ́ tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀, lọ́wọ́. ₦400,000 ló gbà lọ́wọ́ ọmọ àbúrò mi, ìdajì kí lẹ́tà tó jáde, ìdajì lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ́fíìsì rẹ́jísírà yunifásítì ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ọmọ náà gbé lẹ́tà wá pé kí n bá òun yọ̀, ìlà kejì ni mo kà dé tí ọkàn mi fi já. Wọ́n ní Lecturer III ni wọ́n gbà á sí. Kò sí Lecturer III ní yunifásítì! Pólì ló ni ín. Tiwa bẹ̀rẹ̀ láti Graduate Assistant, ó kan Assistant Lecturer, Lecturer II, Lecturer I, Senior Lecturer, Reader, kó tó wá kan ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọlọ́jà yìí ò tiẹ̀ mọ ọjà tó ń tà. Ní ti owó oṣù, CONTISS ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ti àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́ nìyẹn, CONUASS ni wọ́n fi ń sanwó fún olùkọ́. Fọ́tò ni wọ́n fi ṣe ìbuwọ́lù rẹ́jísírà, funfun etí rẹ̀ ti bo ìlà tó yẹ kó jókòó lé. Nọ́ńbà ìwé náà sì bá ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ sanwó mu rẹ́gí. Ọ̀rẹ́ yẹn ti kọ̀wé fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ nítorí ayédèrú yìí.

Ẹnu ọkùnrin náà dùn, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń po òótọ́ mọ́ irọ́. Á ní ṣé ẹ ò rí i pé kọ́lẹ́ẹ̀jì Emmanuel Alayande nílùú Ọ̀yọ́ ti di yunifásítì, pé láti 2020 ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan ló ni LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, pé olùkọ́ ni wọ́n ń wá kiri. Òótọ́ ni ti ìjọba àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ta ló wá fi òun ṣe alágbàtà?

Bí iṣẹ́ bá ṣí, yunifásítì á polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tàbí lórí ìkànnì rẹ̀. Ẹ óò kọ̀wé, ẹ óò kó ìwé ẹ̀rí àti orúkọ àwọn tó máa jẹ́rìí yín sílẹ̀, ìgbìmọ̀ á pè yín, wọ́n á bi yín ní ohun tẹ́ ẹ ti ṣèwádìí lé lórí. Mi ò ní purọ́, mímọ èèyàn máa ń ranni lọ́wọ́ nílẹ̀ yìí. Àmọ́ ẹni tí wọn ò tíì pè jókòó rí, lẹ́tà wo ló ń retí?

Mo tún gbọ́ pé ó ti ń ta fọ́ọ̀mù DAAD, ìyẹn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ (scholarship) ti Jámánì, fún àwọn tó fẹ́ ṣe PhD. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù náà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kún un.

Tí lẹ́tà bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì rẹ́jísírà kẹ́ ẹ tó fi iṣẹ́ kankan sílẹ̀. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ́, ẹ tọ́jú rìsíìtì báńkì. A ń kó ẹjọ́ yìí lọ sọ́dọ̀ EFCC n'Íbàdàn. Ẹni tó bá ti sanwó fún un, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi ní ínbọ́ọ̀sì, kó fi nọ́ńbà àkáǹtì tó sanwó sí kún un.