Mítà DT830D: owó kékeré, iṣẹ́ ńlá (tẹ́ ẹ bá fara mọ́ wáyà jákujàku ẹ̀)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wa Pencil Light, Honda Hala, V-boot àtàwọn àgbà ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, mítà yẹ́lò kékeré tí wọ́n fi ń wọn iná, tẹ́ ẹ máa ń rí lọ́wọ́ àwọn rìwáyà yẹn, tí wọ́n kọ DT830D sójú ẹ̀, ẹ ra ọ̀kan sínú ọkọ̀ yín. Owó ẹ̀ ò tó èyí tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín kí wọ́n tiẹ̀ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tèmi ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, mo mọ ibi tó dáa sí, mo sì mọ ibi tó ti máa ń bí mi nínú.

Iṣẹ́ tó ṣe lára Camry mi ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. 1999 ni, ẹ́ńjìnì 5S 2.2 yẹn. Lálẹ́ ó gbé mi délé wẹ́rẹ́, nígbà tó di àárọ̀ mo yí kọ́kọ́rọ́, mo kàn gbọ́ “kó!” ẹ̀ẹ̀kan péré, ó dákẹ́. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn, họ́ọ̀nù ń ké, rédíò ń sọ̀rọ̀, ẹ́ńjìnì ò mira. Mẹ́káníìkì tí mo pè ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan tó fi ní bátìrì ló ti kú, kí n lọ ra tuntun. A fi bátìrì ọkọ̀ ẹlòmíì jọ́ọ̀mpù ẹ̀, “kó” yẹn náà la tún gbọ́, ni bọ̀dá bá yí ohùn padà, wọ́n ní a jẹ́ pé brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) ni, tàbí kó jẹ́ fuel pump. Fuel pump bíi ti báwo? Ẹ́ńjìnì tí ò yí rárá, kí ló fẹ́ fi pẹtiróòlù ṣe? Báyìí lowó àwa onímọ́tò àtijọ́ ṣe máa ń wọgbó.

Mo bá fa mítà jáde. Ẹ gbé e sí DC 20 (ibi tí wọ́n ti ń wọn volts bátìrì), ẹnu dúdú sórí nẹ́gátíìfù, pupa sórí pọ́sítíìfù. Bátìrì tó kún tó sì ti sinmi máa ń wà ní bíi 12.6 volts, tó bá jẹ́ 12.2 ó ti dé ìdajì nìyẹn, 11.8 wálẹ̀, ó ti tán. Tèmi gbé 12.5. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn nìkan tàn yín o, torí bátìrì tó ti gbó lè jókòó jẹ́ẹ́ kó máa fi 12.5 ṣe fọ́ńté, tẹ́ ẹ bá ní kó gbé ẹ́ńjìnì ló máa wó lulẹ̀. Ẹ ní kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ kẹ́ ẹ máa wo ojú mítà: tó bá já sí ìsàlẹ̀ 9.6, bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tèmi ò kúrò ní 12.3, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi, nítorí kick starter (mọ́tò kékeré tó ń yí ẹ́ńjìnì kó tó dá dúró) tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń fa iná tó lé ní 100 amps, kò sí bátìrì ọkọ̀ kékeré tó máa gbé ìyẹn kó má sọ̀ kalẹ̀ dáadáa. Túmọ̀ sí pé iná ò kọjá rárá, ó ń dúró síbì kan lójú ọ̀nà.

Ibi tó dúró sí ló kù ká wá. Mo fi mítà sáàárín orí bátìrì àti tẹ́mínà tí wọ́n fi mú un, a yí kọ́kọ́rọ́, òdo. Nẹ́gátíìfù sí ara ẹ́ńjìnì, òdo náà ni, ilẹ̀ (earth) dáa nìyẹn. Mo wá lọ sídìí kick starter fúnra ẹ̀ (jíà gbọ́dọ̀ wà ní P, ẹ fa hándì búréèkì, kí ọkọ̀ má gbéra lójijì). Wáyà ńlá tó ti bátìrì wá, iná wà. Wáyà kékeré tó ń bọ̀ láti ìdí kọ́kọ́rọ́, tá a bá yí i, iná wà. Kání wáyà kékeré yẹn ò ní iná ni, ẹ̀yìn la máa gbà lọ, sí relay (swíìṣì kékeré tó ń gbé iná kọjá), sí kọ́kọ́rọ́ fúnra ẹ̀, sí swíìṣì ìdí jíà, kẹ́ ẹ tiẹ̀ gbé jíà sí N kẹ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò ná, torí swíìṣì yẹn máa ń gbó. Àmọ́ iná wáyà méjèèjì dé, automatic (swíìṣì ńlá tó wà lára kick starter, kì í ṣe jíà o) ń dún “kó”, ibi tí iná ti fẹ́ jáde nínú ẹ̀ bọ́ sínú mọ́tò kick starter ni mítà ti ní òdo. Ọ̀rọ̀ tán.

A tú u. Kọ́pà méjì ló wà nínú automatic yẹn, ọ̀kan ṣì nípọn, èkejì ti jẹ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dúdú bíi ìdí ìkòkò, irin tó yẹ kó so méjèèjì pọ̀ ò kàn án mọ́. Àìsàn àwọn Toyota ayé ìgbà yẹn ni, ẹ lọ bi àwọn rìwáyà léèrè. Kọ́pà lásán la rà ní ọjà Araromi ní Gate, n’Ìbàdàn, n ò ra kick starter, n ò ra bátìrì, brain box ṣì wà níbi tí wọ́n dè é mọ́ láti ilé iṣẹ́.

Ó dáa, ibi tó ń bí mi nínú. Wáyà tí wọ́n fi sí i tín-ín-rín, ó sì gan, ẹnu ẹ̀ máa ń yọ, tèmi ti gba tépù káàkiri. Ojú ẹ̀ ò ní iná, ẹ ò lè fi ríran lálẹ́ àfi tẹ́ ẹ bá di tọ́ọ̀ṣì mú. Kì í paná fúnra ẹ̀, ẹ máa yí i sí OFF, torí tí bátìrì 9V inú ẹ̀ bá ti ń lọ sílẹ̀, irọ́ ló máa máa pa, á máa gbé nọ́ńbà tó ga ju òótọ́ lọ, èyí gan-an ló burú jù nínú gbogbo ẹ̀. Ihò 10A ẹ̀ náà ò ní fíúùsì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gan-an, unfused. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi wo nǹkan tó ń mu bátìrì yín lóru (tó bá ti lé ní 50 mA lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti sùn, ẹ wá a), ihò yẹn náà lẹ máa lò, àmọ́ ẹ má ṣe yí kọ́kọ́rọ́ láé nígbà tí mítà bá wà láàárín wáyà bátìrì, èéfín lẹ máa rí.

Àwọn kan á ní kí n ra scanner (ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe inú brain box) dípò ẹ̀. Mo ní i. Scanner wúlò tí ẹ́ńjìnì bá ń yí tí kò gbaná, kọ́pà tó jẹ ò ní kóòdù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo D tó gbẹ̀yìn orúkọ ẹ̀ yẹn dáadáa, torí DT830B wà tí kì í dún. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbé e sí ibi buzzer, ẹ fi ẹnu wáyà méjèèjì kan ara wọn, tí kò bá ké, tàbí tó bá ń ké tó ń dákẹ́, ẹ ní kí wọ́n gbé òmíì wá. Ẹ ra clip méjì kún un pẹ̀lú, torí ọwọ́ méjì ò lè mú wáyà méjì kó tún yí kọ́kọ́rọ́.