ÌKÌLỌ̀ O: Ẹ ṣọ́ra fún fíríísà tòkúnbọ̀ tí wọ́n bá kọ "functional" sí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka eléyìí tán kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Inú ń bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Owó àjọ mi ni ọkùnrin kan tó ń ta fíríísà tòkúnbọ̀ gbé jẹ, ₦230,000, owó tí mo rọra ń dá díẹ̀díẹ̀ kí n lè fi ra fíríísà ńlá tí màá máa kó ẹja sí ní ṣọ́ọ̀bù.

Orí Facebook ni mo ti rí i. Fíríísà funfun, onílẹ̀kùn òkè, ó mọ́ tónítóní nínú fọ́tò, ọkùnrin yẹn wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "UK used, neat, 100% functional", ìyẹn ni pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo pè é. Ó ní "Mọ̀mí, ẹ fọkàn balẹ̀, functional ni, ẹ kàn máa kì í bọná ni." Mo ní ṣé ó ń dì dáadáa? Ó ní "Mọ̀mí, mo ti sọ fún yín pé functional ni." Mo tún bi í, ọ̀rọ̀ yẹn náà ló tún fi dá mi lóhùn. Ìgbà tí mo padà ronú sí i ni mo wá rí i pé kò fìgbà kankan fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé fíríísà yẹn ń mú omi dì. Kò sọ ọ́ rárá! "Functional" yẹn ló ń tì mọ́ mi lẹ́nu ṣáá, èmi náà sì gbà pé ohun kan náà là ń sọ.

Ẹ má sì bi mí pé kí ló dé tí mi ò lọ wò ó. Mo lọ! Láti Ìkòròdú ni mo ti wọkọ̀ dé ọ̀nà Àgbádárìgì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó yẹn. Mo bá a tó ti tan jẹnẹrétọ̀ dè mí. Iná inú fíríísà ń tàn, kọ̀mpírẹ́sọ̀ ẹ̀ ń dún, mo kọwọ́ bọnú ẹ̀, ó tutù, yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tiẹ̀ ti ń hù lára ẹ̀ lápá òsì. Mo fi èékánná ha yìnyín yẹn. Ta ló máa rí yìnyín lójú ara ẹ̀ táá ní irọ́ ni? Mo sanwó.

Ó ṣiṣẹ́ lákọ̀ọ́kọ́ o, kí n má parọ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n lọ gbé páálí Títù kan, ogún kílò, pẹ̀lú ṣáwà díẹ̀ sí i. Ọjọ́ tí mo ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi. Mo ṣí fíríísà, omi ẹ̀jẹ̀ ti rọ́ kún ìsàlẹ̀ ẹ̀, páálí ti rin gbingbin, bí mo ṣe ní kí n gbé e báyìí ló já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fìka tẹ ikùn ẹja kan, ìka mi wọlé. Iná inú fíríísà ṣì ń tàn o! Kọ̀mpírẹ́sọ̀ ṣì ń dún! Ẹnìkan ní kí n fi iyọ̀ sí èyí tó ṣeé mú kí n yan án tà. Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní ta ẹja tó ti bà jẹ́ fọ́mọ ẹlòmíì jẹ. Gbogbo ẹ̀ ni mo kó dà nù.

Mo pe ọkùnrin yìí. Ó ní a tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀, a ò sì jẹ́ kó sinmi ká tó tàn án. Irọ́ ni! Dírẹ́bà tóun fúnra ẹ̀ bá mi pè ló fi okùn dè é ní òòró, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí n tó tàn án. Ó tún ní iná NEPA wa ni ò lágbára. Nígbà tí mo wá ń pariwo lé e lórí ló sọ èyí tí mi ò ní gbàgbé, ó ní "Mọ̀mí, functional ni mo sọ, mi ò bá yín sọ̀rọ̀ warranty." Bó ṣe blọ́ọ̀kì mi nìyẹn.

Ẹni tó ń bá wa tún fíríìjì ṣe ló jẹ́ kó yé mi. Ó fi ojú ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iná jó pa hàn mí lára páìpù tó wà lẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì sí i. Ó ní páìpù tó wà nínú ara fíríísà, lábẹ́ fóòmù, ló ti jẹra, ibẹ̀ ni gáàsì ń gbà sá. Wọ́n á rọ gáàsì sí i tí oníbàárà bá ń bọ̀, á tutù, á hu yìnyín, owó á wọlé, gáàsì á wá máa jò tán díẹ̀díẹ̀ nílé ẹni tó rà á. Nítorí tèmi ni wọ́n ṣe rọ gáàsì tó hu yìnyín tí mo fọwọ́ kàn lọ́jọ́ yẹn!

Nígbà míì mo máa ń bú ara mi, pé èmi tí mo ń ná ọjà látàárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni mo ṣe? Mo béèrè, mo lọ, mo fọwọ́ mi kàn án. Olè lolè ń jẹ́, ẹ má dá ẹni tí wọ́n jà lólè lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe lórí fóònù, tẹlifíṣọ̀n, jẹnẹrétọ̀ tó ń tàn tí ò lè gbé fáànù. Mi ò gba ontajà tòkúnbọ̀ kankan gbọ́ mọ́, bó ti wù kó mọ mọ̀mí í pè tó.

Àwọn kan á ní ìjọba ti fòfin de kíkó fíríìjì àti fíríísà àlòkù wọ̀lú. Òótọ́ ni, ó wà nínú ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù ò gbà láyè. Àmọ́ ọjà kún fún un, èló ni tuntun?

Tó bá pọndandan kẹ́ ẹ rà á, ẹ mú ẹni tó ń tún un ṣe dání, kó wo páìpù ẹ̀yìn bóyá wọ́n ti fi iná jó o pa. Ẹ wò ó lára ẹ̀ bóyá iná 110 fóòtì tàbí 220 ló ń lò, torí ti Amẹ́ríkà, 110 yẹn, ò bá iná wa mu. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn án dè yín, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá a ní pípa, kẹ́ ẹ gbé omi inú ọ̀rá sí i, kẹ́ ẹ jókòó tì í títí á fi dì. Ẹ gba rìsíìtì. Òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, sílẹ̀ fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí ò ṣe iṣẹ́ ẹ̀ padà, LASCOPA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń gbèjà oníbàárà, náà wà l'Ékòó, mo ti ń kó gbogbo ohun tá a bára wa sọ lórí WhatsApp jọ láti gbé lọ bá wọn.

Ó ti tún gbé òmíràn síta báyìí, "functional" náà ló kọ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ lọ rà á, kó sọ fún un pé kó kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé omi á ṣì máa dì nínú ẹ̀ títí oṣù mẹ́ta á fi pé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó dá owó padà. Tó bá ti kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀.