Ẹnu Ẹlẹ́rìí Ló Ń Pa Ẹlẹ́rìí: ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ Ace Attorney

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ìwé ẹlòmíì kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí òǹkọ̀wé bá sọ ní ojú ìwé kẹta pé ọjọ́ Ajé ni wọ́n sìnkú, tó wá di ojú ìwé ogójì tó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, èmi ni mo máa fi bírò pupa yí i. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí géèmù yìí wọ̀ mí lọ́kàn ju gbogbo àwọn tí àwọn àbúrò mi ń pariwo lé lórí lọ. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí eré sísá, ẹnikẹ́ni kò sì lé yín. Ìka mi kò yá rárá, géèmù yìí kò sì bi mí ní ìka. Ojú tó ń kàwé ló fẹ́, àti ọpọlọ tí kì í tètè gbàgbé ohun tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ.

Phoenix Wright: Ace Attorney Trilogy ni mo ń wí. Capcom ló ṣe é, Shu Takumi ló kọ ìtàn rẹ̀. Apá kìíní jáde ní Jàpáànì lọ́dún 2001 fún ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń pè ní Game Boy Advance, apá kejì jáde lọ́dún 2002, apá kẹta lọ́dún 2004. Àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jáde lọ́dún 2019 fún Switch, PlayStation 4, Xbox One àti kọ̀ǹpútà. Ẹjọ́ 14 ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin sì ni agbẹjọ́rò tó ń gbèjà ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

Gbogbo ohun tí ẹ nílò láti mọ̀ wà nínú ẹjọ́ àkọ́kọ́, ìdí sì nìyẹn tí mi ò fi ní kí ẹnikẹ́ni lọ wá àlàyé níbòmíì kó tó bẹ̀rẹ̀. Phoenix Wright ṣẹ̀ṣẹ̀ di agbẹjọ́rò ni, àyà rẹ̀ ń já, ọ̀gá rẹ̀ Mia Fey ló dúró tì í. Larry Butz, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ni wọ́n ní ó pa ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Cindy Stone. Mi ò ba ìtàn jẹ́ fún yín o: kí kóòtù tó jókòó rárá ni géèmù fúnra rẹ̀ ti fi apààyàn náà hàn yín, ère tí wọ́n fi ṣekú pa ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń wá ẹni tó máa di ẹ̀bi rù. Ẹ ti mọ ẹni tó ṣe é. Bí ẹ ṣe máa mú un ló kù. Mo gba ti ẹni tó ronú kan èyí, nítorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kò ní máa dààmú lórí ta ni. Bí irinṣẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìkan ló máa gbájú mọ́.

Adájọ́ á kọ́kọ́ yẹ̀ yín wò bí ọmọ ilé-ìwé: kí lorúkọ ẹni tí ẹ wá gbèjà? Ta ló kú? Kí ló pa á? Bí ẹni ń ṣeré ni, àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ yín láti ṣí Court Record, ìyẹn àkójọ ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má kàn sáré wò ó. Ẹ ṣí i, ẹ ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan títí dórí aago. Nínú ẹjọ́ yìí, ìwé dókítà tó yẹ òkú wò sọ pé láàárín aago mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ọmọbìnrin náà kú. Ẹ di ìyẹn mú.

Ẹlẹ́rìí á wá dé. Frank Sahwit ni, tó ń ti ilé dé ilé polówó ìwé ìròyìn. Ó ní òun rí ọkùnrin kan tó sá jáde nínú yàrá, ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀, òun yọjú, òun sì rí obìnrin kan tó nà gbalaja sílẹ̀ tí kò mira. Ẹ̀rù ba òun, òun ò lè wọlé. Fóònù ilé náà kò ṣiṣẹ́, ni òun bá lọ wá fóònù ìta kan nítòsí láti pe ọlọ́pàá. Ó ní òun rántí aago náà dáadáa: aago kan ọ̀sán ni.

Wọ́n á wá to ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí síwájú yín ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ẹ sì lè máa lọ síwá sẹ́yìn nínú rẹ̀ títí yóò fi sú yín. Nǹkan méjì péré lẹ lè ṣe sí gbólóhùn kan. Èkíní ni kí ẹ fún ẹlẹ́rìí lọ́rùn kó ṣàlàyé sí i, Phoenix á ké “Hold it!” Èkejì ni kí ẹ mú ẹ̀rí kan jáde tó ta ko gbólóhùn yẹn gan-an, ìgbà yẹn ló máa na ìka, tó máa ké “Objection!” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá mú ìwé dókítà jáde lórí gbólóhùn aago kan, ọ̀gbẹ́ni náà á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Báwo lo ṣe rí òkú ẹni tó ṣì wà láàyè?

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ohun tó tẹ̀ lé e. Irọ́ yẹn kò parí síbẹ̀. Ṣe ló pa irọ́ míì dà sórí ti àkọ́kọ́. Ó ní tẹlifíṣọ̀n ni òun ti gbọ́ aago. Àmọ́ ẹ rántí pé fóònù kò ṣiṣẹ́? Iná ló lọ ní ilé yẹn, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì ti wọ inú Court Record yín. Tẹlifíṣọ̀n wo ló ń sọ̀rọ̀ nígbà tí kò síná? Ẹ̀rí yẹn tún lu ú. Ó tún dá òmíì. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó: ìgbàkígbà tó bá la ẹnu ni okùn ọrùn rẹ̀ ń le sí i. Orin náà, tí Masakazu Sugimori kọ, á sì yára sí i bí ẹlẹ́rìí bá ti ń ṣìsọ, débi pé ara tiyín náà á gbóná. Ibi tí ère yẹn ti wọ inú ọ̀rọ̀ ni màá dákẹ́ sí, kí ẹ lè gbádùn rẹ̀. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé kí ìjókòó yẹn tó parí, ọ̀gbẹ́ni olóòótọ́ wa yìí á já irun àtọwọ́dá orí rẹ̀ jù lu agbẹjọ́rò.

Ìmọ̀ràn tèmi fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀: lọ́pọ̀ ìgbà, fífún ẹlẹ́rìí lọ́rùn kì í ná yín ní nǹkan kan, nítorí náà ẹ fún gbogbo gbólóhùn rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rí. Ìgbà míì, gbólóhùn tuntun á yọ láti inú àlàyé rẹ̀, inú èyí tuntun yẹn ni irọ́ wà. Ẹ̀rí tí kò bá gbólóhùn mu máa ń ní ìjìyà. Bó bá pọ̀ jù, adájọ́ á dá oníbàárà yín lẹ́bi, ẹ ó sì padà sẹ́yìn. Ẹ máa fi ibi tí ẹ bá eré dé pamọ́ (save) kí ẹ tó pariwo “Objection!”

Láti ẹjọ́ kejì ni ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹ ti ń lọ láti ibì kan sí ibòmíì, tí ẹ ń yẹ ilẹ̀ wò, tí ẹ ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, tí ẹ ń fi nǹkan hàn wọ́n. Apá yìí ló máa ń sú mi. Ẹ lè ti bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ tán, kí ìtàn má sún, nítorí pé ohun kékeré kan wà ní kọ̀rọ̀ yàrá tí ẹ kò tíì tẹ̀. Ẹ máa fi báàjì agbẹjọ́rò yín han gbogbo ẹni tí ẹ bá pàdé. Kì í sábà ṣàǹfààní kankan, ṣùgbọ́n èsì wọn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Àbùkù tó tóbi jù ni pé géèmù náà ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fẹ́ kí ẹ gbà. Ìgbà míì ẹ ti rí òtítọ́ látòkèèrè, ẹ sì ní ẹ̀rí méjì tó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ẹyọ kan péré ló máa gbà, lórí gbólóhùn kan péré. Kò dára kó máa fìyà jẹ ẹni tó gbọ́n ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ bá bá a níbẹ̀, ẹ má bínú, ẹ padà ka ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí, kí ẹ wo èyí tó ta ko ẹ̀rí ní tààrà.

Ẹ má sì fi kọ́ òfin. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá àgbà òṣìkà, bẹ́ẹ̀ adájọ́ ibẹ̀ kò rí ẹlẹ́rìí ju ọ̀kan lọ tó ti ń gbé òòlù láti dáni lẹ́bi. Níbi gbogbo tí òfin bá ti múná dóko, olùpẹ̀jọ́ ló gbọ́dọ̀ fìdí ẹ̀sùn múlẹ̀. Níhìn-ín, àfi kí agbẹjọ́rò wá apààyàn tòótọ́ jáde, láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré. Kì í ṣe àwàdà lásán. Ní Jàpáànì tí wọ́n ti ṣe é, ó lé ní 99% nínú ẹjọ́ ọ̀daràn tó dé kóòtù tó ń parí sí ìdálẹ́bi, ẹ ó sì rí i pé ẹni tó kọ ìtàn náà mọ ohun tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ gbá wọn bí wọ́n ṣe tò. Apá kejì fi Psyche-Lock kún un, ìyẹn àgádágodo tó ń hàn lára ẹni tó ń fi àṣírí pamọ́, ó sì jẹ́ kí ẹ lè fi àwòrán èèyàn ṣe ẹ̀rí, èyí tí apá kìíní kò gbà. Bí ẹ bá fo apá kìíní, kò ní yé yín ìdí tí ọkàn Phoenix fi gbọgbẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nítorí olùpẹ̀jọ́ tó ń jẹ́ Miles Edgeworth. Ẹjọ́ karùn-ún nínú apá kìíní, tí wọ́n fi kún un nígbà tó dé Nintendo DS lọ́dún 2005, gùn ju àwọn yòókù rẹ̀ lọ, ó sì ní wíwá ìka ọwọ́ àti fífọ́n oògùn tó ń tú àṣírí ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà tí àyè bá gbà yín dáadáa, nítorí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ìdákúrekú gbá.