Káàdì àwìn tí báǹkì fún mi ní Adó-Èkìtì, àti bó ṣe kan ọ̀rọ̀ owó ilé

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ oṣù ní Èkìtì, tó sì ní i lọ́kàn láti gba owó mọ́géèjì kó fi ra ilé tàbí kó fi kọ́ ọ, káàdì yìí lè ṣe é lóore púpọ̀, ó sì lè dínà mọ́ ọn. Bó bá ṣe ń san gbèsè rẹ̀ ni yóò sọ èyí tó máa jẹ́. Mo ti lò ó pẹ́ tó láti mọ ibi tó dára sí àti ibi tó kù sí, mo sì fẹ́ kí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́ kí wọ́n tó lọ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.

Olùkọ́ Ìṣirò ni mí ní súkúù gírámà kan ní Ìyìn-Èkìtì, Básírì ni mo ń gbé. Báǹkì tí owó-oṣù mi ń wọlé sí ló fún mi ní káàdì kírẹ́dìtì náà. Kì í ṣe ATM tí gbogbo wa ń lò o. Owó ara wa ni à ń fi ATM ná. Èyí, owó báǹkì là ń ná, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé a jẹ wọ́n. ₦300,000 ni wọ́n ní n kò gbọdọ̀ ná kọjá. Mo ti fi ra kọ̀ǹpútà fún ọmọ mi tó wà ní EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, mo ti fi ra táyà mọ́tò, mo sì máa ń fi ra gáàsì àti oúnjẹ ilé nígbà tí oṣù bá ń lọ sópin.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé bí mo bá fi ra nǹkan lórí POS, wọn kì í gba èlé lọ́wọ́ mi títí di ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ san án, èyí tó lè tó ọjọ́ 45. Bí mo bá ti san gbogbo iye tó wà lórí stétimẹ́ǹtì lọ́jọ́ yẹn, kọ́bọ̀ kan n kì í fi lé e. Ẹni tó bá fi káàdì náà fa owó jáde níbi ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀: èlé ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Mi ò fi fa owó rí, mi ò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń há ni owó tó kéré jù lọ tí báǹkì ní kí wọ́n san lóṣù. Lórí káàdì tèmi, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni, èlé orí ìyókù sì jẹ́ ₦3.50 lórí ₦100 lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó jẹ ₦200,000 tó san ₦20,000, ₦7,000 nínú rẹ̀ ti bá èlé lọ. ₦13,000 péré ló kan gbèsè, ₦187,000 ṣì wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ti ń ra nǹkan mìíràn kún un. Báǹkì kò ní pè é ní ajẹgbèsè tí kò san, torí ó san ohun tí wọ́n ní kó san. Ṣùgbọ́n gbèsè náà kò ní kúrò lọ́rùn rẹ̀, oṣù dé oṣù ni yóò sì máa hàn nínú àkọsílẹ̀ pé owó tí wọ́n yá a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ fojú sí fọ́ọ̀mù náà dáadáa. Àpótí kéékèèké méjì ló wà nísàlẹ̀ ojú ewé kejì: ọ̀kan ní kí báǹkì máa yọ gbogbo gbèsè oṣù nínú owó-oṣù rẹ, èkejì ní kí wọ́n máa yọ èyí tó kéré jù. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ti fi báírò maàkì èyí tó kéré jù kí n tó rí gíláàsì mi fi sójú.

Mo ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, gbogbo rẹ̀ ni kó o jẹ́ kí wọ́n máa yọ."

Ó ní, "Ẹ̀n, Mà? Gbogbo rẹ̀ kẹ̀? Kò ní pọ̀ jù fún yín?"

Mo ní kò ní pọ̀ jù. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú fọ́ọ̀mù mìíràn jáde, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ láìbínú. Ó tún gbà láti fi ọjọ́ sísan náà sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìgbà tí owó-oṣù máa ń wọlé. Mo yìn ín fún èyí. Ẹni tí kò bá béèrè, ọjọ́ tó bá wu ẹ̀rọ wọn ni wọn yóò fún un.

Ibo wá ni gbogbo èyí ti kan ilé? Ohunkóhun tí a bá san tàbí tí a kò san lórí káàdì, báǹkì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè. Mẹ́ta ni wọ́n ní Nàìjíríà: CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. BVN, nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò ní gbogbo báǹkì, ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀, nítorí náà ẹni tó jẹ gbèsè ní báǹkì kan kò lè lọ fara pa mọ́ sí òmíràn. Ó dà bí ìwé àwìn ìyá aláṣọ ní Ọjà Ọba, àfi pé gbogbo ìyá aláṣọ ìlú ló jọ ń ka ìwé kan ṣoṣo yìí. Òfin tó de iṣẹ́ wọn jáde ní 2017, ó sì fún oníkálukú wa lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àti láti takò ó bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀. Mo gba tèmi. Oṣù kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: iye tí mo jẹ, ọjọ́ tí mo san án, àti bóyá mo pẹ́. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i pé kò sí ìdádúró kankan.

Ti bàbá àwọn ọmọ mi ni kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a lọ sí báǹkì mọ́géèjì, ọ̀gá tó ń yẹ fáìlì wò yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ wa, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, fáìlì yín kò lè kúrò lórí tábìlì mi pẹ̀lú èyí." Gbèsè ₦1,075 ni! Ó ti ní káàdì kírẹ́dìtì kan ní báǹkì mìíràn tẹ́lẹ̀, ó san gbogbo gbèsè rẹ̀, ó dá a padà, wọ́n gé e sí méjì lójú rẹ̀, wọ́n ní ó ti parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún yọ owó ìtọ́jú káàdì lé e lórí, wọn kò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, wọn kò pè é. Bí gbèsè bá ti kọjá 90 ọjọ́ láìsan, àwọn báǹkì á ti kà á sí gbèsè tó ń bàjẹ́. Ní 180 wọ́n á ní iyèméjì wà bóyá àwọn á rí i gbà. Ní 360 wọ́n á kà á sí owó tó ti sọnù. Ìpele tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n kọ ọkọ mi sí, ọkùnrin tí kì í jẹ ẹlẹ́pà ní gbèsè. Ó dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ó san owó náà, ó dúró gba lẹ́tà pé òun kò jẹ wọ́n mọ́, ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe.

Owó ilé tí à ń wá ni ti National Housing Fund, àpò owó ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń dá owó sí, èyí tí òfin 1992 dá sílẹ̀, tí Federal Mortgage Bank, báǹkì owó ilé ti ìjọba àpapọ̀, ń bójú tó. 2.5% ni wọ́n ń yọ nínú owó-oṣù fún un, ẹni tó bá ti dá a fún oṣù mẹ́fà lè béèrè. 6% lọ́dún ni èlé tí wọ́n fi ṣírò tiwa. Ẹ fi wé èlé káàdì tí mo sọ lókè. Nígbà tí ọ̀gá náà ń ṣírò, kò fẹ́ kí gbogbo gbèsè tí èèyàn ń san lóṣù kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta owó-oṣù rẹ̀, owó káàdì sì wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ẹni tó ń gba ₦180,000 ṣe àpẹẹrẹ. ₦60,000 ni ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Bí kò bá jẹ gbèsè kankan, ₦60,000 lóṣù fún 20 ọdún ní èlé 6% lè gbé owó ilé tó tó ₦8,370,000. Bó bá ń san ₦20,000 lórí káàdì lóṣù, ₦40,000 ló kù, ₦5,580,000 péré nìyẹn sì lè gbé. Nítorí ₦200,000 tó jẹ lórí káàdì, ó ti pàdánù owó ilé tó lé ní mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀. Mo kọ ìṣirò yìí sójú pátákó ní yàrá olùkọ́, ẹnu sì ya gbogbo wọn.

Ohun tí n kò fẹ́ lára káàdì náà: áàpù wọn a máa dákú ní ìparí oṣù, owó ọdọọdún rẹ̀ sì ń gorí káàdì dípò kó jáde láti inú àkáǹtì, débi pé ẹni tí kò ná kọ́bọ̀ náà á di ajẹgbèsè. Ó yẹ kí wọ́n tún èyí ṣe, kí wọ́n sì máa fún oníbàárà ní lẹ́tà pé kò jẹ gbèsè lọ́jọ́ tó bá dá káàdì padà, láìdúró kó béèrè. Yàtọ̀ sí èyí, mo gba ẹni tó lè san gbogbo rẹ̀ lóṣooṣù nímọ̀ràn pé kó gbà á. Ẹni tó bá mọ̀ pé èyí tó kéré jù nìkan ni òun á lè san, kó fi sílẹ̀ títí tí owó ilé á fi jáde.

Ẹ̀ka àárín ìgboro ni kí ẹ lọ, láàárín ọ̀sẹ̀, ní kùtùkùtù. Ọjọ́ Ajé, èrò máa ń tò dé ẹnu géètì. Ẹ mú NIN, BVN, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ àti ìwé owó-oṣù yín lọ́wọ́, kí ẹ sì ṣí fọ́ọ̀mù náà dé ojú ewé kejì kí ẹ tó fọwọ́ sí i.